Olú tí wọ́n ní ó ń dá iyè padà: ṣé kí n rà á fún ìyá mi?

Aláró_Ìtòkú | Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò rí oorun sùn.

Ìyá mi ni. Wọ́n pé ẹni ọdún 74 nínú oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta la ti ń ta aṣọ, owó aró ni wọ́n sì fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ á mọ ohun tí mò ń sọ: màmá mi kì í wo àpẹẹrẹ kankan. Wọ́n á mú ìyẹ́ adìẹ, wọ́n á tì í bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọnà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn láti igun aṣọ kan dé èkejì, òpó gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, mo ṣì máa ń fi rúlà wọn tèmi.

Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń rí i pé nǹkan ń yí padà. Wọ́n á béèrè iye tá a ta aṣọ, n ó dáhùn, wọ́n á tún béèrè. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tó yá, wọn ò rántí orúkọ oníbàárà tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí mo wà ní girama. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Ìtòkú pé àwọn ń lọ sílé ní Àdátán. Làfẹ́ńwá ni a ti rí wọn. Ìyá alákàrà kan tó mọ ojú wọn ló jókòó tì wọ́n títí mo fi dé. Wọ́n ní ilé bàbá àwọn làwọn ń wá. Ilé yẹn, wọ́n ti tà á kí wọ́n tó bí mi.

Ọjọ́ Sátidé ló wá dùn mí jù. Aṣọ wà níwájú wọn, ìyẹ́ wà lọ́wọ́, wọ́n ya òpó méjì, wọ́n dúró. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Kí ló kàn?" Mo dọ́gbọ́n wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló wá gbé ìgò kan wá. Wọ́n kọ "Lion's Mane" sí i lára, ó sì ṣàlàyé fún mi pé olú ni, pé ó funfun, ó sì ń ṣe gọ́lọ́gọ́lọ́ bíi gọ̀gọ̀ kìnìún, pé ó ń tún ọpọlọ ṣe. Kápúsù 60 ni, ₦38,000, oṣù kan la máa fi lò ó, ó ní oṣù mẹ́fà ni kí a fi lò ó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦228,000. Ó tún ní tí a bá ti bẹ̀rẹ̀, kí màmá fi oògùn ọsibítù sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí.

Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń lo metformin. Wọ́n ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Nítorí pé wọn kì í rí oorun sùn, wọ́n tún máa ń gbé oògùn ara-yíyún kékeré aláwọ̀ ìyeyè yẹn mì lálaalẹ́. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, dókítà tó rí wa ò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó ní, "Àgbà ló dé, ẹ máa mú sùúrù."

Mi ò kọ̀ láti náwó. Bí olú yìí bá ṣiṣẹ́, màá ta àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo kàn fẹ́ mọ òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé màmá mi ń ṣarán. Mo ti gbọ́ ìyẹn tó lọ́jà.

---

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ajé, aago 10:02 alẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo fi ọdún 31 ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Fi ọ̀rọ̀ olú sílẹ̀ ná, mo máa padà sí i. Nínú ohun tó o kọ, nǹkan méjì wà tó mú mi dìde jókòó lórí ibùsùn.

Èkíní ni metformin ọdún mọ́kànlá. Oògùn rere ni, má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó lè má jẹ́ kí ara gba fítámì B12 tó wà nínú oúnjẹ. Tí B12 bá lọ sílẹ̀, ènìyàn á máa gbàgbé, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ara á máa rẹ̀ ẹ́. Béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí ẹni tẹ iyanrìn gbígbóná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn. Abẹ́rẹ́ ló sì ń tún un ṣe, abẹ́rẹ́ tí kò tó iye ìgò yẹn.

Èkejì ni oògùn ìyeyè yẹn. Chlorpheniramine ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ lè lò ó kó má ṣe é ní nǹkan kan ju oorun lọ. Fún àgbàlagbà, ó ń dí kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ lọ́wọ́, kẹ́míkà yẹn gan-an la sì fi ń rántí nǹkan. Mo ti rí ìyá tí wọ́n gbé wá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, tí a gba oògùn yìí lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ó ń bá mi ná ọjà. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni yóò rí bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n kó o tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, gba ìyẹn kúrò lọ́wọ́ wọn, kí o sì sọ fún dókítà pé oorun ò wá.

Kí wọ́n tún wo ọ̀fun fún ẹṣẹ́ táírọ́ìdì, kí wọ́n wo kíndìnrín, kí wọ́n wo ṣúgà bóyá ó máa ń já wálẹ̀ jù lóru. Ṣé wọ́n ti ṣubú rí láìpẹ́ yìí, tí orí gbá nǹkan? Ẹ̀jẹ̀ lè rọra máa jọ sínú agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a má mọ̀. Etí wọn ńkọ́? Ojú ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan? Ìbànújẹ́ tó bá wọni lára máa ń jọ ìgbàgbé.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò níbi yìí, má bẹ̀rù orúkọ rẹ̀. Mo mọ ohun táwọn ènìyàn máa ń sọ tí wọ́n bá gbọ́ "Àrò". Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú inú abúlé ní 1954, tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jọ ń gbé láàárín ará abúlé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láì há wọn mọ́lé. Gbogbo ayé ló wá kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé àgbà wà lára iṣẹ́ wọn.

Ìwọ náà má sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ fún ọ pé "àgbà ló dé." Àgbà kọ́ ni àìsàn. Ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa àwọn Yorùbá tó ti lé ní ẹni ọdún 65. Ní 2001 wọ́n kọ ọ́ jáde pé nínú 100 àgbàlagbà, ìwọ̀n 1.35 ni àìsàn ìgbàgbé máa ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ni kì í gbàgbé. Tí ẹnì kan bá wá ń gbàgbé, ó yẹ ká bi í pé kí ló fà á.

---

Olólú_Alábàtà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kú àárọ̀. Olú ni iṣẹ́ mi. Lọ́nà Alábàtà, kò jìnnà sí yunifásítì àgbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀mìlì ni mò ń dì sínú ọ̀rá, màá fi dírọ́ọ̀mù sè é kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, màá gbin irúgbìn olú sí i, màá tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Olú tí wọ́n gbé wá fún yín kì í hù nínú igbó wa. Igbó tútù ló fẹ́, lára igi líle tó ti ń jẹrà, ní Ṣáínà, Japan, Yúróòpù, Amẹ́ríkà. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní orí ọ̀bọ. Àwọn ará Japan fi orúkọ àwọn olùfọkànsìn orí òkè pè é, yamabushitake, nítorí ó jọ wajawaja tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí aṣọ wọn. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ooru Abẹ́òkúta ò gbà fún un, àfi kéèyàn ní yàrá amúlétutù, iná mànàmáná tí a sì ní rèé.

Wọn ò purọ́ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ní 1991, Kawagishi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí èròjà kan nínú olú náà tí wọ́n sọ ní hericenone, wọ́n tún rí òmíràn, erinacine, nínú òwú funfun tó ń ta bíi gbòǹgbò, ní 1994. Nínú ìgò àyẹ̀wò, àwọn èròjà yìí ń mú kí ara ṣe púrótéènì kan tó ń bọ́ iṣan ọpọlọ. Púrótéènì yẹn kan náà ni Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ibẹ̀ ni gbogbo ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ti ènìyàn gan-an wá ńkọ́? Èyí tí gbogbo olùtajà ń tọ́ka sí ni ti Japan ní 2009. Ọgbọ̀n ènìyàn péré, èrò tí kò kún bọ́ọ̀sì kékeré méjì. Ọmọ ọdún 50 sí 80 ni wọ́n, ìgbàgbé wọn sì kéré, kò tíì di àìsàn ńlá. Wọ́n fún ìdajì wọn ní olú gbígbẹ gíráàmù mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n fún ìdajì tó kù ní ayédèrú tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó jẹ olú ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò. Ẹ gbọ́ ìyókù o, torí olùtajà kì í sọ ọ́: nígbà tí wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, máàkì wọn tún já wálẹ̀. Ẹni tó ní "oṣù mẹ́fà, ó parí" kò ka ibẹ̀. Àwọn ará Taiwan náà fi kápúsù òwú olú yìí wo àwọn tí Alzheimer's, irú àìsàn ìgbàgbé kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú, fún ọ̀sẹ̀ 49, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2020. Ó mú ìrètí wá díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kò pọ̀.

Ẹ wo ara ìgò yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe olú. Òwú tí wọ́n gbìn sórí ìrẹsì tàbí ọkà ni, tí wọ́n wá lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ọkà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì lẹ máa rà lówó olú, màmá sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí nọ́ńbà NAFDAC ò bá sí lára rẹ̀, ẹ dá a padà láì ṣí i. Ẹ sì bi í ní gíráàmù mélòó ló wà nínú kápúsù kan. Tó bá jẹ́ 500 mílígíráàmù, méjì lóòjọ́ jẹ́ gíráàmù kan, ìdá mẹ́ta èyí tí wọ́n lò ní Japan. Nǹkan tí màá jókòó ṣírò fún ìyá mi nìyẹn.

---

Ọmọ_Lísàbi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:25 ọ̀sán

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ wá oògùn fún iyè. Ìsọ̀yè ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi àgbà ń ṣe é fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Ifá, nítorí ohun tí wọ́n ní láti há sórí pọ̀. Ewé rẹ̀ wà, ìlànà rẹ̀ wà. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tí mo rí: ọmọdé tí orí rẹ̀ pé ni wọ́n ń ṣe é fún, kí ó lè tètè há nǹkan. N kò rí i kí wọ́n ṣe é fún arúgbó tó ti sọnù lọ sí Làfẹ́ńwá. Fún irú ìyẹn, ohun tí bàbá mi àgbà máa ń sọ ni pé kí ẹnì kan má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti olú, ẹ má lọ ṣa olú igbó nítorí pé ẹ gbọ́ pé olú dára fún ọpọlọ. Ìyá mi mọ èyí tó ń hù lára ògán, ó mọ ẹsẹ̀ adìẹ tó ń hù lára igi jíjẹrà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn kan wà tó funfun nini tí iná ò lè pa oró wọn, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́.

---

Olólú_Alábàtà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:10 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní Singapore wọ́n wo àwọn 663 tó ti lé ní ẹni ọdún 60, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2019: àwọn tó ń jẹ olú sísè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ìgbàgbé kékeré wà lára wọn ní ìwọ̀n ìdajì sí ti àwọn tí kì í sábà jẹ ẹ́. Irú olú tí mò ń gbìn wà nínú èyí tí wọ́n jẹ. Síbẹ̀ mi ò ní fi ta ọjà, nítorí kò sẹ́ni tó fún wọn lólú. Wọ́n kàn wo ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ ni, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́, tó ń rìn, tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Oúnjẹ gidi ni olú. Ibi tí mo lè fọwọ́ sí i dé nìyẹn.

---

Àkọ́bí_Bàbá_Tíṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ìṣirò fún ọdún 35. Wọ́n lo irú kápúsù yìí fún oṣù márùn-ún, àbúrò mi ló ń fi ránṣẹ́ láti London. Lóṣù kìíní mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, mo ń pe àwọn ẹbí láti sọ fún wọn. Lóṣù kẹta mo wá mọ̀ pé èmi ni mo ń wá ohun tí màá rí. Wọ́n pe orúkọ mi ní òwúrọ̀ kan, mo fi ṣe ìròyìn ayọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò ṣe wọ́n ní ibi kankan ju inú kíkùn díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó yẹn ni mi ò fi rí ẹni tó máa jókòó tì wọ́n gbà síṣẹ́, ìyẹn ló sì máa ń dùn mí títí dòní.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́: a kọ nọ́ńbà fóònù mi sí inú fìlà wọn pẹ̀lú òwú. Oúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ìṣirò kékeré lórí sílétì ní àárọ̀, kì í ṣe láti dán wọn wò, nítorí pé inú wọn ń dùn ni. Ẹ má máa sọ pé "Ṣé ẹ ò rántí ni?" Mo sọ ọ́ fún ọdún kan kí ẹnì kan tó kìlọ̀ fún mi. Bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún wọn ló ń rí.

---

Aláró_Ìtòkú | Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo fẹ́ ní ohun tí màá sọ kí n tó wá.

Mo dá ìgò náà padà. Kò ní nọ́ńbà NAFDAC, nígbà tí mo sì béèrè gíráàmù tó wà nínú kápúsù kan, inú ìyá yẹn bà jẹ́ sí mi. A ò tíì máa kíra dáadáa.

Màmá nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ta wọ́n, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Àyẹ̀wò fi hàn pé B12 wọn ti lọ sílẹ̀ jìnnà, wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́. A gba oògùn ìyeyè yẹn, òru mẹ́rin àkọ́kọ́ nira, a jọ jókòó láìsùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ojú wọn tàn. Wọ́n wo etí wọn pẹ̀lú: ìdọ̀tí ti dí òsì pa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ orí mú, wọ́n ní, "Ariwo kí nìyí?" Ariwo fáànù ni. Mo wá ń ronú gbogbo ìgbà tí wọ́n bi mí ní iye aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta tí mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìkanra. Mélòó nínú rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé, mélòó ni wọn ò gbọ́?

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Dókítà tó jókòó tì wá ní wákàtí kan gbáko ní kí wọ́n ya aago, kí wọ́n ka oṣù padà sẹ́yìn, kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún. Méjì ni wọ́n rántí. Ó sọ fún mi lójúkojú pé àìsàn ìgbàgbé gan-an wà níbẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀, pé abẹ́rẹ́ á gbé apá tirẹ̀, ìyókù la ó máa tọ́jú. Ó kọ donepezil fún wọn. Ó ní kì í wò ó sàn, pé ó lè mú kí ọkàn wọn mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i fún ìgbà kan. Mo bi í nípa olú náà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní tí mo bá fẹ́ lò ó lọ́jọ́ iwájú, kí n gbé ìgò náà wá kí òun rí i, nítorí ó lè dà pọ̀ mọ́ oògùn ṣúgà, kí n má sì fi rọ́pò nǹkan kan.

Olólú, ìwọ̀nba kílò kan tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Mo fi ata àti irú sè é pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Màmá mi ń já a sínú abọ́, wọ́n sọ fún mi bí àwọn àti ìyá wọn ṣe máa ń jí lọ wo ìdí ọ̀pẹ lẹ́yìn òjò, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé, ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi. Jọ̀wọ́, ṣé ó lè jẹ́ pé kí n máa gba kílò kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Mo mọ̀ pé kì í ṣe oògùn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ tán ni.

Mo ti fi òwú kọ nọ́ńbà mi sí etí gèlè wọn, aró la fi pa òwú náà.

Lánàá a tún gbé aṣọ kalẹ̀. Mo ya òpó àkọ́kọ́, mo gbé ìyẹ́ fún wọn, wọ́n ya èkejì àti ẹ̀kẹta. Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí. "Kí ló kàn?"

Mo ní, "Ṣíbí ló kàn, Màámi." Wọ́n ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, wọ́n ya ṣíbí.